Ojúlé Kẹrin Ń Jò

Ẹni tó bá fẹ́ pe ọ̀rọ̀ yìí ní irọ́, mi ò ní bá a jà. Mo mọ irọ́, mo sì mọ bó ṣe máa ń rìn: irọ́ a máa ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, a sì máa parí síbi tó dáa. Èyí kò dáa, kò sì tíì parí. Ilé tó ti ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀, màmá tó ń gbénú rẹ̀ ṣì ń mí. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ó ti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan ní gbogbo ìgbà tó ń sọ ọ́.

Àlòkù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ̀sín ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe, torí kò sí ohun tí kì í ṣà nílẹ̀: kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti kú, fóònù tó fọ́, tọ́ọ̀ṣì tí ẹnìkan ti jù nù. Nígbà tó yá, orúkọ ẹ̀sín di orúkọ iṣẹ́. Á tú ikùn bátìrì kọ̀ǹpútà, á yọ àwọn bátìrì kéékèèké inú rẹ̀ tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, á wá to àwọn tó ṣì lágbára pọ̀ di bátìrì ńlá tó lè gbé iná ilé. Ọmọ bátìrì ló ń pe àwọn kéékèèké náà. Ọmọ mẹ́wàá tó bá so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojúlé kan nìyẹn. Ojúlé méje tó bá tẹ̀ léra, bátìrì ilé kan ti pé. Àlòkù ti lé lógójì ọdún, kò tíì gbéyàwó. Jórinjórin tó wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀ a máa sọ pé ẹni tó ti bí àádọ́rin ọmọ láìgbéyàwó, kí ló kù tó fẹ́ fi ìyàwó ṣe.

Àlòkù ní òfin kan nídìí iṣẹ́ náà. Ọmọ bátìrì tó bá wọlé lónìí, á ṣáàjì rẹ̀ kó kún, á fi mítà wọ̀n ọ́n, á fi kálàmù kọ iye tó rí sí i lára, á wá gbé e sínú páálí fún ọgbọ̀n ọjọ́ láìfọwọ́ kàn án. Ààwẹ̀ ló ń pe ọgbọ̀n ọjọ́ yìí. Ọmọ bátìrì tó ti bàjẹ́ kì í jẹ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yó. Mítà á ní ó dára. Àfi kí o fi í sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ láá máa jò, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lò ó. Tó bá sì wọ àárín ojúlé kan, àtòun àtàwọn mẹ́sàn-án tó kù ni wọ́n jọ máa jò. Èyí tó bá jò nínú ààwẹ̀, Àlòkù á fa ìlà pupa sí i lára, á sì sọ ọ́ sínú agolo oníyanrìn tó wà lẹ́yìnkùlé.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló rú òfin yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sì rú u sí.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ọ́n, òun náà ló rán an nílé ìwé. Nígbà tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí kò lè mí délẹ̀ mọ́, dókítà ní kó máa lo ẹ̀rọ èémí. Ẹ̀rọ kékeré ni, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé, ó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé atẹ́gùn lọ sí ihò imú. Kò gbọdọ̀ kú. Iná ò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ni Àlòkù bá ní òun á to bátìrì fún un, tó máa gbé ẹ̀rọ náà fún wákàtí mẹ́rin tí iná bá lọ. Ọjọ́ tó fẹ́ tò ó, ọmọ bátìrì mọ́kàndínláàádọ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ku ẹyọ kan. Ó ti ṣèlérí pé òní lòun máa gbé e wá. Ó lọ sídìí agolo yanrìn, ó mú ọ̀kan tó ní ìlà pupa lára, ó ṣáàjì rẹ̀ kó kún, mítà sì ní ó dára. Ó tì í bọ àárín ojúlé kẹrin. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á wá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la.

Ọ̀la yẹn di oṣù mẹ́rin.

Ẹ̀gbọ́n náà ní ọmọ kan ṣoṣo, ọmọbìnrin, aránṣọ. Òun ló ń tọ́jú ìyá rẹ̀, òun ló sì ń ṣáàjì bátìrì náà nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jáde lọ wọn aṣọ fún oníbàárà ní òpópónà kejì. Iná lọ lẹ́yìn rẹ̀. Bátìrì tó yẹ kó gbé ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́rin kò gbé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí aránṣọ fi máa dé, tòun ti téèpù lọ́rùn, ìyá rẹ̀ ti lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, Àlòkù gbé bátìrì náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tilẹ̀kùn. Ojúlé mẹ́fà kún, ojúlé kẹrin ṣófo. Ó yọ ọmọ onílà pupa kúrò, ó fi òmíràn sí i, ó gbé bátìrì náà padà, ó sì sọ lójú gbogbo ẹbí pé kò sí ohun tó ṣe é. Wọn ò ṣáàjì rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni aránṣọ sọ pé òun ṣáàjì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbà á gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti kó kúrò nínú ilé ìyá rẹ̀. Àlòkù wò ó bó ṣe ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ. Ó wò ó, ó sì mójú kúrò. Ohun tó ṣe nìyẹn, mi ò sì ní bá a tún un ṣe kó lè dùn ún gbọ́.

Kí ọdún tó yí po, àyà màmá wọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan náà. Ó wá ń gbé lọ́dọ̀ Àlòkù, ẹ̀rọ èémí ọmọ rẹ̀ ló sì gbé wá. Àlòkù to bátìrì tuntun fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀ tí kò gba ààwẹ̀ ọgọ́ta ọjọ́.

Màmá náà ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ láràárọ̀. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á kọjú sí ògiri, á sì sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, rọ́bà á sì wà nímú rẹ̀. "Ẹni tó mọ bí èémí ọmọ mi ṣe dá, tó ń jẹ, tó ń sùn: ohunkóhun tó bá fọwọ́ kàn, kó máa jò. Kó máa jò títí á fi ṣófo." Á wá yíjú padà, á ní káàárọ̀ o, ṣé o jí dáadáa. Kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àlòkù gbà pé aránṣọ ló ń ṣépè fún. Kí n má parọ́, ara máa ń tù ú díẹ̀ tó bá rò ó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú kan ló bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ti kọjá díẹ̀. Iná lọ. Gbogbo àdúgbò dákẹ́ bó ṣe máa ń ṣe tí iná bá lọ: rédíò panu mọ́, fáànù rọra dúró. Nínú yàrá, ẹ̀rọ èémí bọ́ sórí bátìrì. Fùù. Táà. Fùù. Táà. Àlòkù wà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ó ń gbọ́ ọ. Ohùn yẹn máa ń fi í lọ́kàn balẹ̀.

Kò tó ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ náà figbe ta.

Ó sáré wọlé. Ètè màmá ti ń dúdú. Ó gbé e jókòó, ó dì í mú, ó ń pariwo pe jórinjórin. Jórinjórin ò béèrè nǹkan kan. Ó fa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ó ju wáyà gba orí ògiri, wọ́n fi ẹ̀rọ sí i. Fùù. Táà. Màmá ṣí ojú. Ó wo Àlòkù.

"Ó ti jò," ló sọ.

Àlòkù rò pé òòyì ló ń kọ́ ọ.

Nígbà tí iná dé, ó gbé bátìrì náà sórí tábìlì, ó tú ìdérí rẹ̀. Ó fi mítà kan ojúlé kìíní: fóòtì mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ìkejì, bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, bẹ́ẹ̀. Ìkẹrin: méjì ààbọ̀. Ó tún un wọ̀n. Méjì ààbọ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù kún.

Ó ní kò sí wàhálà. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyí. Ó gé irin pẹlẹbẹ tó so ọmọ mẹ́wàá ojúlé kẹrin pọ̀, ó tú wọn ká, ó ṣáàjì wọn níkọ̀ọ̀kan, ó kọ iye wọn sí wọn lára, ó sì tò wọ́n sójú fèrèsé di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹ́sàn-án dúró síbi tó fi wọ́n sí. Èyí tó wà láàárín ti já wálẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó tilẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ó ní ọwọ́ ti tẹ olè. Ó mú òmíràn tó ti gba ààwẹ̀ ọgọ́ta ọjọ́, ó jó o mọ́ àwọn mẹ́sàn-án, ó dé e.

Lọ́jọ́ kejì, ojúlé kẹrin ṣófo.

Ó tún un tú. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ló tún já. Ó yọ ọ́, ó sì gbé e súnmọ́ ojú. Ìlà pupa wà lára rẹ̀. Ìlà tó dagun díẹ̀ sápá òsì ni, bí òun ṣe máa ń fà á. Ó wá kálàmù pupa rẹ̀ kiri, ó bá a lábẹ́ tábìlì. Ó fi kọ páálí. Ó ti gbẹ, kò kọ nǹkan kan.

Ó jókòó. Nínú yàrá, ẹ̀rọ ń mí.

Ẹ má bi mí bí ìlà ṣe débẹ̀. Òun náà ò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni iṣẹ́, iṣẹ́ ló sì sá sí. Ó gbé gbogbo ọmọ mẹ́wàá ojúlé kẹrin lọ sí ojúlé kìíní, ó gbé ti ìkíní wá sí ìkẹrin. Bó bá jẹ́ pé ara àwọn ọmọ ni àrùn wà, àrùn náà á tẹ̀ lé wọn lọ. Lọ́jọ́ kejì, ojúlé kìíní kún dẹ́nu, ìkẹrin ló ṣófo. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó pààrọ̀ pátákó kékeré tó ń ṣọ́ bí iná ṣe ń wọlé. Ó yí bátìrì náà po, ó ní kí ti ìparí di ti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ méje ni ojúlé rẹ̀. Ibi yòówù kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ìkẹrin ni àárín. Ìkẹrin ló tún ṣófo.

Ní gbogbo àsìkò yìí, tí iná bá ti lọ, ara wáyà jórinjórin ni wọ́n ń fi èémí màmá kọ́. Bí jórinjórin ò bá sí nílé lọ́jọ́ kan tí iná lọ, ó parí. Àlòkù mọ̀. Ó jáde lọ ra bátìrì ilé iṣẹ́, èyí tí wọ́n lẹ̀ pa láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, tí kò ní ojúlé tí ojú lè rí. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọlé, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ. Kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iná kékeré iwájú rẹ̀ ti di pupa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn màmá. Ó gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún. Ó gbọ́ tí màmá kọjú sí ògiri. Ohunkóhun tó bá fọwọ́ kàn, kó máa jò. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ọjọ́ yẹn ni etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì fi wọ́n sápò.

Ó fẹ́ mọ̀ dájú. Ó pe jórinjórin, ó tan án pé áyọ́ọ̀nù tí òun fi ń jó bátìrì pọ̀ ti jó òun níka, kó bá òun to ojúlé kẹrin. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, jórinjórin ń ṣe é, ó sì ń ráhùn pé ọmọ bátìrì kò níwà ọmọlúàbí tó irin ilẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, gbogbo ojúlé méje dọ́gba. Lọ́jọ́ kẹrin, Àlòkù fi ìka kan ṣoṣo kan nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ bátìrì náà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìkẹrin ti ń lọ sílẹ̀.

Ó tún mú ọmọ bátìrì méjì tó kún. Ó ní kí jórinjórin gbé ọ̀kan sórí tábìlì, òun náà di èkejì mú fún ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń mu omi. Láàárọ̀, èyí tí jórinjórin gbé wà bó ṣe wà. Tirẹ̀ ti jò. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ló rántí pé òun lòun ń gbé màmá lọ sí balùwẹ̀ láràárọ̀, tí òun ń di apá rẹ̀ méjèèjì mú. Ó rántí bí ìka màmá ṣe máa ń tutù lẹ́yìn náà, tí kì í lè gbé ife títí di ọ̀sán. Ẹ̀rù bà á débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà.

Jórinjórin bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta lo ṣẹ̀?"

Àlòkù ti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan.

"Mi ò fipá mú ọ," ni jórinjórin wí. "Àmọ́ lọ́jọ́ Ajé, mò ń lọ síbi iṣẹ́ afárá kan. Oṣù mẹ́ta ni. Wá ẹni tí á máa bá ọ fọwọ́ kàn án."

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ẹ̀rọ yẹn àti mítà dójú àmì, tó sì lè máa gbé inú ilé. Aránṣọ ni. Kò sì sí bí aránṣọ ṣe lè wọlé yẹn láìjẹ́ pé wọ́n gbé irọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ó ro ọ̀nà mìíràn títí. Kò sí.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó wọlé tọ màmá. Iná ò sí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, omi ń kán láti etí òrùlé sínú korobá. Bátìrì tí jórinjórin tún tò ló ń gbé ẹ̀rọ. Àlòkù jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti lè kan nǹkan kan. Ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Màmá ní kó sọ ọ́.

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti mọ́kàndínláàádọ́rin. Ó sọ ti ìlà pupa, ó sọ ti ọ̀la tó di oṣù mẹ́rin. Ó sọ bó ṣe tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kẹta tó sì yọ ọ́.  Ojú màmá wà lára ògiri.

"Ó parí, Màmá."

"Ó ku ọ̀kan."

Ó mọ ohun tó kù. "Mo parọ́ mọ́ ọmọ náà."

Fùù. Táà. Omi kán sínú korobá.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó wá fi igbá àyà ti ilẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe òun bó ṣe wù ú, kó ṣáà má sọ ọ̀rọ̀ àárọ̀ yẹn mọ́. Ó ní òun tí wọ́n ń ṣépè fún kọ́ ló ń kú, èémí màmá gan-an ni èpè náà ń jẹ. Ó ní bóyá màmá ò mọ̀ pé òun ni èpè náà ń bá, pé aránṣọ ni màmá rò pé òun ń bá wí.

Màmá yíjú padà.

"Ta lo rò pé mò ń bá wí láti ọjọ́ yìí?"

Àlòkù fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí ọmọ yẹn kúrò nítòsí rẹ," ni màmá wí. "Kò yẹ kó máa bá ọ mí èémí kan náà."

"Ta ló sọ fún yín, Màmá?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ tó kú. Nírọ̀lẹ́."

"Màmá, àárọ̀ ló kú."

"Mo mọ̀."

 Ohùn màmá kò le, kò sì rọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n Àlòkù ló fi ọ̀rọ̀ náà sí òun lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n náà ní kí òun máa sọ ọ́ láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí òun ò bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n tó fi rán òun á wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Èémí tiyín ńkọ́?" ni Àlòkù bi í. Ó ti ń sunkún.

"Ọmọ mi ò rí èémí mí. Kí ni mo fẹ́ fi tèmi ṣe?"

Lẹ́yìn èyí ló ní kó lọ pe ọmọ náà wá.

Aránṣọ dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tòun ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ti rù díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Àlòkù lẹ́nu ọ̀nà, torí wọ́n kọ́ ọ nílé. Kò dìde kíákíá.

"Mo ṣáàjì rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

Jórinjórin dúró lórí ọ̀nà, tòun ti báàgì ìrìn àjò rẹ̀. Àwọn tó ń lọ pọn omi dúró. Àlòkù sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́. Aránṣọ dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó wọlé. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti fi mítà kan ojúlé méjèèje. Wọ́n dọ́gba. Látọjọ́ náà, bátìrì yẹn kò jò mọ́.

Àlòkù kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Orí bẹ́ǹṣì ló ń sùn. Àwọn oníbàárà ti ń gbé bátìrì wọn lọ síbòmíràn, torí ohun tó bá tún ṣe lónìí, ọ̀la ló ń kú. Síbẹ̀, láràárọ̀, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á ti ọwọ́ sẹ́yìn, á gbọ́ èpè rẹ̀ parí, á wá kí màmá. Màmá á dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ ti ń ta, ìka rẹ̀ ti ń móoru, aránṣọ ló ń gbé e lọ sí balùwẹ̀. Ó ní òun fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Bí èpè yẹn ṣe ń dún láràárọ̀, òun mọ̀ pé màmá òun jí.

Àárọ̀ àná, aránṣọ jáde lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Àlòkù dé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Ó dúró. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rọ ń mí geere, iná iwájú bátìrì ń tàn. Ó wo inú yàrá. Màmá ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò kọjú sí ògiri. Àlòkù ló kọjú sí.

Kò sọ ọ̀rọ̀ àárọ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i.

"Àbúrò mi," ló sọ, "wá fà mí dìde."

Màmá rẹ̀ ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé, ó sì ti kú.

Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun fẹ́ ẹ, Ọlọ́run gbọ́, ó ní apá òun fẹ́ẹ̀ já kúrò léjìká bó ṣe ń wù òun tó. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ọwọ́ màmá òun ni, òun á pa á. Bí kì í bá sì í ṣe ọwọ́ màmá òun, òun ò mọ ẹni tí á dìde. Ẹ̀yìn ló fi rìn jáde.

Aránṣọ padà dé lọ́sàn-án. Ó bá ìyá àgbà níbi tó jókòó sí. Ó rọra gbìyànjú láti tẹ apá náà wálẹ̀, kò wálẹ̀. Ó fún un lóúnjẹ, ó jẹ ẹ́. Ó bi í bóyá nǹkan ń dùn ún, ó mi orí. Nígbà tí Àlòkù ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀sán òní ti ń rọ̀. Ilẹ̀ ti tún mọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọn ò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ àárọ̀ nínú ilé náà. A jọ ń gbọ́ ẹ̀rọ láti ibi tí a jókòó sí. Ó ní ọwọ́ náà ṣì wà nínà.